Kí Ló Ń Kùn Nínú Àpótí Yẹn? Ìtàn Ooru, Fáànù àti Kọ̀ǹpútà Kékeré

Ọdún 1938 ni Olówè, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, kú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò parẹ́. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ohun tí ẹnu ń sọ nípa ọkùnrin náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀. Ká ní ìyá náà ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, oríkì yẹn ì bá bá a wọlẹ̀.

Ìtàn yìí ló máa ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkigbà tí a bá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùrẹ́ láti gba ìtàn ìdílé, oríkì àti orin sílẹ̀. Ẹrù wa kò pọ̀: máìkì kan àti wáyà rẹ̀, bátìrì kan tí a ń fi sólà ṣájì, àti kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ga ju ìwé atúmọ̀ èdè tí a gbé lélẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, màmá kan ní Ẹmùrẹ́, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń kọ orin tí àwọn obìnrin ìgbà èwe rẹ̀ máa ń kọ bí wọ́n bá ń pa ekùrọ́. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí Màmá fi dánu dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ń kùn bí oyin nínú àpótí yín yẹn?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Fáànù kọ̀ǹpútà wa ni.”

“Ẹ ní kó sinmi díẹ̀, kí n rí orin mi kọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kò kúkú lè ní kó sinmi, nítorí bí fáànù yẹn bá dúró, kọ̀ǹpútà á gbóná kọjá ààlà, á sì pa ara rẹ̀. Màmá ń kọrin lọ, fáànù náà ń kùn lọ. Nígbà tí a padà délé tí a tẹ́tí sí ohun tí a gbà, ìkùn yẹn wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ bí eruku tó bo ilẹ̀. Èdè olóhùn sì ni èdè wa. Igba, igbá àti ìgbà kì í ṣe ohun kan náà, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Níbi tí ohùn Màmá ti rẹlẹ̀, a kò mọ ọ̀rọ̀ tó sọ mọ́.

Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn wá bi ara wa pé: láti ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà ti ń kùn? Ta ló gbé fáànù gun orí ọpọlọ rẹ̀? Ẹnì kan ha ti gbìyànjú láti pa á lẹ́nu mọ́ rí bí? Ìdáhùn tí a rí ló ràn wá lọ́wọ́ láti yan fáànù tuntun. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ooru ló ṣáájú

Kọ̀ǹpútà kì í gbé ẹrù, kì í lọ ata, kì í fa omi. Gbogbo iná mọ̀nàmọ́ná tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń di ooru nígbẹ̀yìn. Bí ọpọlọ rẹ̀, tí a ń pè ní processor, bá ń jẹ 65 wáàtì, 65 wáàtì ooru ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ rántí gílóòbù 60 wáàtì tí àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń fi mú òròmọdìyẹ móoru. Ẹ wá fojú inú wò ó pé gbogbo ooru yẹn wà nínú ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìṣòro tí fáànù wá yanjú nìyẹn.

Ó ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n fi ENIAC han gbogbo ayé ní Philadelphia ní oṣù kejì ọdún 1946, nǹkan bíi 18,000 gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ iná tó tó 150 kílówáàtì. Fáànù ńláńlá ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó má bàa jóná. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó tẹ̀ lé e kò yàtọ̀. UNIVAC ti ọdún 1951 ní atẹ́gùn tí wọ́n fi omi tútù mú tutù. Cray-1 ti ọdún 1976 ní páìpù tí gáàsì inú fíríìjì ń gbà kọjá lára rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1963 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó mú kọ̀ǹpútà wọ ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọdé, àwọn òbí wa mọ kọ̀ǹpútà sí ohun tó ń gbé inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ti ilẹ̀kùn pa kí eruku má wọlé, ẹ ó sì máa gbọ̀n nínú òtútù. Lójú àwọn ènìyàn, ọlá kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìyẹn. Ooru ni wọ́n ń bá jà. Yàrá ni wọ́n ń mú tutù nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó bìkítà fún ariwo, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀ ìyá àgbà.

Ẹni tó fi agbára pa ariwo

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé àti ọ́fíìsì, ariwo di ọ̀rọ̀. Apple II ti ọdún 1977 kò ní fáànù rárá, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí iná tó ń jẹ kò pọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe Apple III, tó jáde lọ́dún 1980, wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ ní fáànù. Steve Jobs kò fẹ́ gbọ́ ariwo kankan. Ìdí àpótí náà, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, ni wọ́n ní kí ó máa gbé ooru jáde. Àmọ́ Apple III ní ohun púpọ̀ nínú ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, àyè inú rẹ̀ sì há. Ooru mú kí àwọn ṣíìpù máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú ihò tí wọ́n kì wọ́n bọ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn tó rà á ni pé kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀ lórí tábìlì, kí àwọn ṣíìpù náà lè padà sáyè wọn.

A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ni a rántí ohun tí àwa fúnra wa ti ṣe: a ti fi aṣọ wé kọ̀ǹpútà wa rí, kí ariwo rẹ̀ lè dínkù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Aṣiṣe tí wọ́n ṣe lọ́dún 1980 gan-an ni àwa náà ṣe. Ariwo ni a dojú kọ, a gbàgbé ooru tó ń fà á.

Bí fáànù ṣe gun orí ọpọlọ

Kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Ìhòòhò ni processor rẹ̀, Intel 8088, wà, kò sí irin kankan lórí rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ fáànù. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nínú àpótí náà wà níbi tí iná ń gbà wọlé. Nígbà ayé Intel 486, tó jáde lọ́dún 1989, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí irin eléyín-eléyín tí wọ́n ń pè ní heatsink lórí processor. Ìgbà tí Pentium dé lọ́dún 1993, tó ń jẹ nǹkan bíi 15 wáàtì, ni fáànù lórí heatsink wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Láti ibẹ̀, ìdíje ló kù. Ẹni tí processor rẹ̀ bá yára jù ló ń tà jù, eré tó pọ̀ sì ń béèrè iná tó pọ̀. Pentium 4 jáde lọ́dún 2000. Nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Prescott fi dé lọ́dún 2004, ó ti ń jẹ iná tó lé ní 100 wáàtì. Àwọn tó lò ó kò gbàgbé bí fáànù rẹ̀ ṣe ń hu bí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Intel pa iṣẹ́ tó ń ṣe lórí processor tó yẹ kó tẹ̀ lé e tì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní Tejas, ó sì kọjú sí ṣíṣe processor tó ní ọpọlọ méjì tí kò sáré tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ tó tóbi báyẹn fi dẹwọ́ eré? Lọ́dún 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣàlàyé pé bí a bá ń sọ tiransísítọ̀ di kékeré, tí a sì ń dín fólítì rẹ̀ kù bákan náà, a lè kó púpọ̀ sí i sínú àyè kan náà láìjẹ́ pé ooru ibẹ̀ pọ̀ sí i. Ọgbọ́n yẹn ni gbogbo ayé fi jẹun fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2005, tiransísítọ̀ ti kéré débi pé iná ń jò gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó yẹ kó wà ní pípa, fólítì kò sì ṣeé dín kù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ooru ló ṣẹ́gun nínú ìdíje náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe processor ti ń ka wáàtì bí oníṣòwò ṣe ń ka owó.

Àpótí kéré, ooru kò kéré

Bí àwọn kan ṣe ń lé eré ni àwọn mìíràn ń lé ìwọ̀n. Lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ VIA ní Taiwan gbé bọ́ọ̀dù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Mini-ITX. Sẹ̀ǹtímítà 17 ni gígùn rẹ̀, 17 náà ni ìbú rẹ̀. Processor VIA kì í jẹ iná púpọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì nílò fáànù. Ní oṣù kìíní ọdún 2005 ni Mac mini dé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni Lenovo, Dell àti HP ti ń ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ju ìwé ńlá kan lọ, tí processor inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 35 wáàtì.

Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn ọ́fíìsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ á wọ kọ̀ǹténà, á gúnlẹ̀ sí Èkó, á di tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network ṣe ìròyìn pé nǹkan bíi 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn ni kò ṣeé tún ṣe. Èyí tó dára nínú wọn ni àwọn oníṣòwò ń kó wá sí Adó àti Ìkẹ́rẹ́, òun náà sì ni apá àwa akẹ́kọ̀ọ́ ká.

Ìtàn yìí ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré. Fáànù inú rẹ̀ ti lè yí fún ọdún márùn-ún kó tó dé ọwọ́ yín. Eruku ọ́fíìsì ẹlòmíràn ti dí àárín eyín heatsink rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó so processor mọ́ heatsink, tí a ń pè ní thermal paste, ti gbẹ bí ẹrẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé fáànù yìí kò dára, ẹ kọ́kọ́ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ nu ọ̀dà àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì fi tuntun tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí i. Ẹ fi ìka di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń gbá a, kí ó má bàa máa yí. Ọ̀pọ̀ ariwo tí à ń gbọ́ lára tòkunbọ̀, ọjọ́ orí àti ìdọ̀tí ló fà á.

Bí a ṣe yan tiwa

A gbá tiwa, a pààrọ̀ ọ̀dà rẹ̀. Ariwo dínkù, ṣùgbọ́n kò tó. Bọ́ọ̀dù Mini-ITX ló wà nínú àpótí wa, processor Intel tó jẹ́ 65 wáàtì ló wà lórí rẹ̀, fáànù kékeré tí a sì bá lórí rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àyè wà fún wa láti yan òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní èyí tí Lenovo, Dell tàbí HP ṣe, ẹ mọ̀ pé àpótí wọn ní fáànù tirẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un nìkan. Irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá, òmíràn kò ní wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ tí a wò ni gíga. A fi rúlà wọn àlàfo láti orí processor dé abẹ́ ìdérí àpótí. Ẹ má jẹ́ kí fáànù kún àlàfo náà, nítorí fáànù tí kò rí atẹ́gùn fà máa ń pariwo lásán. Bí ìdérí kò bá ní ihò lókè fáànù, ó yẹ kí àyè díẹ̀ ṣẹ́kù. Lọ́jà, àwọn tó kúrú jù tó ṣì lágbára máa ń wà láàárín 30 sí 50 mìlímítà. Gbajúmọ̀ kan nínú wọn ni NH-L9i tí ilé-iṣẹ́ Noctua ti ilẹ̀ Austria gbé jáde. Gíga rẹ̀ jẹ́ 37 mìlímítà pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kí ẹni tí processor rẹ̀ bá ju 65 wáàtì lọ ṣọ́ra. Ìkìlọ̀ yẹn ṣe pàtàkì: heatsink tó kúrú kò ní irin púpọ̀ lára, ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ náà ló mọ.

Ohun kejì ni ihò tí a fi ń de é mọ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn bọ́ọ̀dù Intel tí ojú ìjókòó processor wọn jẹ́ LGA 1150, 1151 tàbí 1200 ní ihò tó jìnnà síra ní 75 mìlímítà. Ti LGA 1700 jẹ́ 78. Mìlímítà mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó tó láti sọ owó yín di òfo. Bọ́ọ̀dù AMD tún ní ìlànà tirẹ̀.

Ohun kẹta ni bí fáànù ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ń sáré tó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ariwo wà. Fáànù tó fẹ̀ tó ń rọra yí lè gbé atẹ́gùn kan náà pẹ̀lú fáànù kékeré tó ń sáré, kò sì ní pariwo tó o. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ẹni kan ń fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa ń tu ara ju kékeré tí a ń jù fìrìfìrì lọ. Bí a bá dín eré fáànù kan kù sí ìdajì, ariwo rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn rẹ̀ dínkù sí ìdajì péré. Fún NH-L9i, ohun tí Noctua kọ ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 23.6 nígbà tó bá ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, àti 14.8 bí a bá fi wáyà adínkù wọn dín in sí 1,800. A wá fáànù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 92 mìlímítà, nítorí pé ìyẹn ló fẹ̀ jù tí àyè wa gbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí eré fáànù fi ṣe pàtàkì fún àwa tí à ń gba ohùn sílẹ̀. Bí fáànù aláwẹ́ méje bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 40 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn awẹ́ rẹ̀ ń lu atẹ́gùn ní ìgbà 280 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ohùn obìnrin nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ máa ń wà ní àyíká 200, ti ọkùnrin ní àyíká 120. Ẹ rí i pé àárín ọ̀rọ̀ ènìyàn gan-an ni fáànù ń kùn sí. Abájọ tí ohùn Màmá fi sọnù sínú rẹ̀.

Ohun kẹrin ni ojú ọjọ́ wa. Púpọ̀ nínú ohun tí a kà nípa àwọn fáànù wọ̀nyí, inú yàrá tó tutù ni wọ́n ti dán wọn wò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé heatsink kan máa ń jẹ́ kí processor fi 0.6 dígíríì gbóná ju yàrá lọ fún wáàtì kọ̀ọ̀kan. Bí processor bá ń jẹ 65 wáàtì, ìyẹn jẹ́ 39 dígíríì. Nínú yàrá tó jẹ́ 20 dígíríì, processor á wà ní 59, fáànù á máa rọra yí. Nínú pálọ̀ onípáànù tó jẹ́ 35 dígíríì, processor kan náà á wà ní 74, fáànù á sì máa sáré. Fáànù tó dákẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa kígbe ní Ẹmùrẹ́ láìṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ tún fi eruku ọyẹ́ kún un. Bí ọyẹ́ bá dé, oṣooṣù ni a ń tú àpótí wa gbá.

Ohun karùn-ún ni wáyà àti ọ̀pá tí fáànù fi ń yí. Ẹ wá èyí tó ní wáyà mẹ́rin, kí bọ́ọ̀dù lè máa dín eré rẹ̀ kù nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀. Fáànù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú ọ̀já olóròóró lásán máa ń tètè gbẹ nínú ooru. Onígóòlì irin máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gbó, ó máa ń dún. Èyí tí epo inú rẹ̀ wà ní dídì pa ló ń pẹ́ tó sì ń dákẹ́, owó rẹ̀ ló kàn ń ga.

Ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù kò sí lọ́jà. Ìtàn ọdún 2004 ló kọ́ wa: ẹ kọ́kọ́ dín ooru kù níbi tó ti ń wá. A wọ inú BIOS, a pa ètò tó ń jẹ́ kí processor máa sáré kọjá ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn turbo. Gbígba ohùn sílẹ̀ kò nílò eré yẹn rárá. Iná tó ń jẹ dínkù, ooru dínkù, fáànù 92 mìlímítà wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí, bátìrì wa náà sì ń pẹ́ sí i kó tó tán. Lẹ́yìn náà ni a ra wáyà máìkì tó gùn, a sì ń gbé kọ̀ǹpútà jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Níta gbangba, bí a bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, ariwo máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù. Nínú yàrá kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣe ìrànlọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé báwo ni kí òun ṣe yan fáànù, ìtẹ̀lé tí a ó fún un nìyí: kọ́kọ́ gbá èyí tó wà níbẹ̀, dín wáàtì kù, gbé àpótí jìnnà, wọn àlàfo, kí o tó wá fọwọ́ kan owó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, ó ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ Apple III. Ìsàlẹ̀ ni ìṣòro wà, òkè ló ń wò.

A padà sọ́dọ̀ Màmá ní Ẹmùrẹ́. A gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wáyà máìkì nìkan ló wọ pálọ̀. Màmá wo ilẹ̀, ó wo orí tábìlì, ó ní, “Oyin yín dà?” A ní, “Màmá, ó ti sinmi.” Inú wọn dùn, wọ́n kọrin dáadáa, a sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ketekete nígbà tí a délé.

Ẹyọ ohun kan ló ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá kọ ìlà kan tí wọ́n fi ń dá orúkọ àwọn obìnrin agboolé wọn lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ mẹ́rin ni a rí gbọ́, ìyókù wà lábẹ́ ìkùn fáànù. Lọ́jọ́ kejì, ìlà yẹn kò sí nínú orin náà. A béèrè. Màmá ronú títí, wọ́n ní àwọn kò rántí pé àwọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bóyá a ṣì í gbọ́ ni. Gbígbà tí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. A máa ń tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá etí wa á là á já lọ́jọ́ kan. Títí di àkókò yìí, orúkọ mẹ́rin náà ni.